Lójú Ẹja, Gọ́ọ̀mù Yàtọ̀ sí Gọ́ọ̀mù

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo ń gbé níhìn-ín ní Kàdúná, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo yín lẹ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Àpótí gíláàsì tí à ń sin ẹja sí nínú ilé ló ń ṣe tà. Nínú èrè iṣẹ́ yìí ni owó ilé-ìwé mi ti ń jáde, nítorí náà, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù bí ẹni ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ, ẹ má ṣe fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń bi wá jù ni pé, "Gọ́ọ̀mù wo ló lágbára jù?" Ìbéèrè náà kò burú, nítorí omi wúwo. Àpótí tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí ó fẹ̀ ní 30, tí omi inú rẹ̀ sì ga ní 35, lítà 63 ni ó gbà. Lítà omi kan, kílò kan. Ohun tí gíláàsì náà gbé dúró wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ. Ṣùgbọ́n agbára nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀. Bí a bá ń fi gọ́ọ̀mù lẹ bàtà nínú yàrá, tí òórùn rẹ̀ ń yọ wá lẹ́nu, a ó ṣí fèrèsé, tàbí kí a kúkú jáde. Ẹja kò ní fèrèsé. Ohunkóhun tí gọ́ọ̀mù bá tú sínú omi ni yóò máa fi mí tọ̀sán tòru. Ìbéèrè tó yẹ kí á kọ́kọ́ bi ara wa nìyí: kí ni gọ́ọ̀mù yìí ń tú sílẹ̀, ìgbà wo ni yóò sì tú u tán?

Kí sílíkóònù tó dé, férémù irin àti púttì ni wọ́n fi ń ṣe àpótí ẹja. Irin a máa dípẹtà, púttì a sì máa gbẹ títí yóò fi là. Sílíkóònù ni àwa ń lò. Ẹni tó bá gbọ́ òórùn rẹ̀ bó ti ń jáde lẹ́nu túùbù yóò rò pé ọtí kíkan ni, kò sì ṣìnà, nítorí èròjà tó ń mú kí ọtí kíkan kan náà ni sílíkóònù ń tú sílẹ̀ bó ti ń le. Bí ó bá le tán, òórùn á lọ, ohun tó ṣẹ́kù á dà bí rọ́bà, kò sì ní ṣe ẹja ní nǹkan kan.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ rèé. Àwọn kan ti gbọ́ nípa òórùn yìí, wọ́n wá sọ ọ́ di òfin pé èyí tó bá ti ń rùn bí ọtí kíkan ló dára fún ẹja. Irọ́ ni! Sílíkóònù balùwẹ̀ náà lè máa rùn bẹ́ẹ̀. Oògùn tí wọ́n pò mọ́ ọn kí ara rẹ̀ má baà bu, imú kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ ka ara túùbù. Bí ẹ bá rí "mould", "mildew" tàbí "fungus" níbẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á, ìbáà jẹ́ òun ló pọ́n jù lọ́jà.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, bàbá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, wá bá ẹ̀gbọ́n mi. Oníṣẹ́ gíláàsì kan ti bá a tún àpótí rẹ̀ ṣe. "Ọmọ mi," ó ní, "kò jò mọ́ o, ṣùgbọ́n ẹja ló ń kú." Goldfish méje ni, ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti sọ wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún ti lọ. Méjì tó ṣẹ́kù ń yanu lójú omi. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé túùbù tí ó lò ṣì wà nílé?" Nígbà tí wọ́n mú un dé, ti balùwẹ̀ ni, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára. A kó ẹja méjèèjì sínú bàsíà omi tó ti wà nílẹ̀ láti àná. Ọ̀kan yè.

Àpótí náà ni a tú palẹ̀ pátápátá, nítorí sílíkóònù tuntun kì í di ògbólógbòó mú dáadáa. Abẹ fẹ́lẹ́ ni a fi ha gbogbo rẹ̀ kúrò, a fi sípíríìtì nu ẹnu gíláàsì, a tó wá lẹ̀ ẹ́ lákọ̀tun. Ó wá ku ọ̀rọ̀ gbígbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Èkó lè má mọ ohun tí ọyẹ́ ilẹ̀ Hausa ń fojú wa rí. Aṣọ a máa tètè gbẹ nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ ni ti sílíkóònù: ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un le. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ní ọ̀rinrin, nǹkan bí mìlímítà 2 sí 3 ló ń le wọnú láàárín wákàtí 24. Nínú ọyẹ́, ojú rẹ̀ á le, inú rẹ̀ á ṣì rọ̀. A gbé bàsíà omi méjì sí yàrá, a fi aṣọ tútù kọ́ ojú fèrèsé, a sì dúró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án dípò méje. Bàbá ń wá lójoojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Bàbá dáhùn pé, "Ohun tí a fagbára mú ní í le. Ṣebí líle náà ni o ń fẹ́ kí ó le!" A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni a rọ omi kún un lórí ìwé ìròyìn gbígbẹ fún ọjọ́ méjì, a wo ìwé náà bóyá ó tutù, a sì da omi yẹn nù kí ẹja tó dé ibẹ̀.

Nípa àwọn gọ́ọ̀mù yòókù, n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ti aránbàtà kò yẹ ẹja rárá. Gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà fi ń lẹ pákó á rọ̀ nínú omi. Epoxy onítúùbù méjì dára fún òkúta, bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n kọ pé ó yẹ fún omi mímu, tí a pò ó bó ṣe yẹ, tí ó sì le tán.

Super glue ni ẹnu máa ń yà wọ́n sí. Harry Coover ará Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe irú èròjà yẹn ní 1942, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1958. Kò yẹ fún gíláàsì tó ń gba omi dúró, nítorí ó máa ń ṣẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó ki dára fún ewéko. Ewéko kan wà tí wọ́n ń pè ní Anubias, ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni orírun rẹ̀, ó ń hù lẹ́bàá odò títí kan ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà, síbẹ̀ àwọn olówó ń rà á láti òkè òkun. Bí a bá ri ìdí rẹ̀ mọ́ yanrìn, yóò rà. Ẹ nu òkúta gbẹ, ẹ kán gọ́ọ̀mù náà sí i díẹ̀, ẹ tẹ ìdí ewéko mọ́ ọn títí yóò fi dì í mú, kí ẹ tó dá a padà sínú omi. Bí gọ́ọ̀mù náà bá funfun níbi tí omi ti kàn án, ẹ má ṣe bẹ̀rù, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.