Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Yín Sùn

Ẹ̀yin òbí tó ń ka ìwé yìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ oorun. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin jọ ń gbé ní Calavi. Ó ń kàwé ní yunifásítì. Nítorí pé íntánẹ́ẹ̀tì dínwó lóru, òru ló fi ń wo fóònù títí àkùkọ á fi kọ. Ní kíláàsì, á máa tòògbé. Nígbà tó yá, kò fẹ́ jẹun mọ́, kò sì fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Ìyá wa ní ayé ló ń ṣe é.

Ní ọdún 2015, àwọn oníṣègùn oorun ní Amẹ́ríkà sọ pé ó yẹ kí àgbàlagbà máa sun wákàtí 7 lóru, ó kéré tán. Inú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kọ́ lọ́sàn-án pamọ́. Ìmọ́lẹ̀ fóònù máa ń tan ara jẹ, bí ẹni pé ilẹ̀ kò tíì ṣú. Àìsùn ń bí ìrònú, ìrònú kì í sì í jẹ́ kéèyàn sùn.

Ẹ má ṣe pariwo mọ́ ọmọ yín. Ẹ jókòó tì í. Àbúrò mi gbà kí fóònù máa sùn sí yàrá mi láti aago 10 alẹ́. Nígbà tí ìbànújẹ́ náà kò tán, a lọ rí dókítà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀: ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì ń fẹ́ ìtọ́jú bí ẹsẹ̀ tó kán.