Fáìlì Tí A Fọwọ́ Kàn

Iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe jẹun nílùú London yìí. Àwa púpọ̀ ni a jọ ń kọ ètò kan ṣoṣo. Bí ẹnikẹ́ni bá mú tirẹ̀ wá, ẹ̀rọ a kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó dà á pọ̀ mọ́ tiwa. Lára ayẹ̀wò náà ni ohun tí wọ́n ń pè ní lint. Stephen Johnson ní Bell Labs, Amẹ́ríkà, ni ó kọ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1978. Òwú wẹ́wẹ́ tí í lẹ̀ mọ́ aṣọ ni ó fi sọ ọ́ lórúkọ. Kíkà ni lint ń ka iṣẹ́ wa, bí olùkọ́ tí ó mú báírò pupa dání.

Tẹ́lẹ̀, bí mo bá tún fáìlì méjì péré ṣe, gbogbo ẹgbẹẹgbẹ̀rún yòókù ni yóò tún kà, títí kan èyí tí ó kà lánàá tí kò rí wàhálà kankan níbẹ̀. Ta ní í torí abọ́ kan tí ó dọ̀tí fọ gbogbo abọ́ ilé? Bẹ́ẹ̀ ni a ó máa jókòó retí rẹ̀.

A wá ní kí ó máa ka èyí tí ó yí padà nìkan. Git, tí Linus Torvalds dá sílẹ̀ ní 2005, ni ó ń tọ́jú ìtàn iṣẹ́ wa. Àṣẹ git diff --name-only a ka orúkọ àwọn fáìlì tí ọwọ́ kàn. A ó yọ èyí tí a ti pa rẹ́ kúrò, nítorí lint kò lè ka ohun tí kò sí.

Àmọ́ ẹjọ́ ń bẹ níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa tún ìlà kan ṣoṣo ṣe nínú fáìlì àtijọ́. Lint ka fáìlì náà tán, ó kó àṣìṣe àwọn tí wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ lórí, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì wọlé. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń yẹra fún fáìlì àtijọ́. Ní tèmi, ìlà tí ènìyàn kọ ni kí a bi í. Ọ̀gá wa ní rárá o, pé bí a kò bá fi dandan lé e, ta ni yóò tún un ṣe láéláé? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà kò ṣófo.

Ohun tí a kò jiyàn lé ni pé fáìlì tí a kò fọwọ́ kàn lè bàjẹ́ nítorí èyí tí a yí padà, àti pé bí òfin lint fúnra rẹ̀ bá yí, gbogbo fáìlì ló kàn. Nítorí náà, lóròòru, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò dúró dè é, ó ń ka gbogbo rẹ̀ pátá. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, a ń pín àṣìṣe àtijọ́ tí ó bá rí láàárín ara wa. Ọ̀gá náà ń mú tirẹ̀.