Ẹ má fi ìṣó kọ́ ìyá yín mọ́ àjà

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹni tó bá ti tọ́jú aláìsàn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú rí ló mọ̀ pé gbígbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì le ju iṣẹ́ alábàárù lọ. Ní ilé wa ní Palmgrove, èmi àti àbúrò mi obìnrin la jọ ń gbé Màámi láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀yìn ń dun àbúrò mi, ẹ̀rù sì ń ba Màámi kí wọ́n má já bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní London ní àwọn máa fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́. Irin gbọọrọ ni wọ́n ń kàn mọ́ òkè yàrá, ẹ̀rọ oníbátìrì á máa rìn lára ẹ̀, aṣọ tó nípọn á sì gbé aláìsàn bí ìgbà tí ọ̀já gbé ọmọ. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, ó dìde nìyẹn. Inú gbogbo wa dùn.

Káfíńtà àdúgbò dé, ó gbójú sókè, ó ní ìṣó gígùn mẹ́rin ti tó. Mo ní háà! Ọ̀pọ̀ àjà ilé wa l'Ékòó, páálí tàbí ike ni, tí wọ́n kàn mọ́ igi tínínrín. Ó lè gbé eku, kò lè gbé èèyàn. Bí aláìsàn bá wọn 70 kílò, ẹ̀rọ àti irin ṣì ní ìwọ̀n tiwọn. Bó bá já, orí ẹni tí kò lè yẹra ló máa wó lé.

Dẹ́kìn oníkọnkéré tó wà lókè àjà ló yẹ kí wọ́n kàn án mọ́. Ẹnjiníà ilé ló sì gbọ́dọ̀ wò ó kí wọ́n tó lu ihò kankan, pàápàá ilé àtijọ́ tí irin inú kọnkéré ẹ̀ ti dógùn-ún. Bí wọ́n bá kàn án tán, kẹ́ni tó kàn án kọ́kọ́ fi ẹrù dán an wò. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ 50 kílò. Ẹ wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ, ẹ má kọjá ẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1998 ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀rọ tí òṣìṣẹ́ fi ń gbé èèyàn wò fínnífínní lóṣù mẹ́fà mẹ́fà.

Ilé tiwa ńkọ́? Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òkè pátápátá ni yàrá Màámi wà, páánù ló wà lókè àjà. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n wa ra èyí tó ní táyà, tó ń dúró nílẹ̀. A ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò kó lè ráyè wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí iná bá dé, a ó máa tètè gba agbára sí bátìrì ẹ̀.

Bí káfíńtà kan bá sọ fún yín pé ìṣó mẹ́rin ti tó, ẹ ní kó kọ́kọ́ gbé ìyá tiẹ̀ kọ́ ọ.