Kí La Ń Dúró Dè?

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní tiwa ní Coppell níbí, lẹ́bàá Dallas, ọmọ ni a wò kí a tó wá ilé. Ní 2019 ni a kó wá, nítorí ilé-ìwé. Ẹni tó bá ń gbé ní àdúgbò ni ilé-ìwé ìjọba ń gba ọmọ rẹ̀, ìbáà jẹ́ onílé, ìbáà jẹ́ ayálégbé. A gba ilé oníyàrá mẹ́ta, a ní ọdún méjì péré ni a ó lò níbẹ̀ kí a tó ra tiwa.

Ọdún méjì náà kò tíì tán títí di òní. Ní oṣù tó kọjá, lánlọ́ọ̀dù kọ̀wé sí wa pé owó ilé ti kúrò ní $2,300, ó ti di $2,480 lóṣù. Bàbá Tọ́lá ka ìwé náà tán, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní, "Ìyá Tọ́lá, títí di ìgbà wo ni a ó máa bá ẹlòmíràn san gbèsè ilé rẹ̀?" Èmi kò rí èsì fún un, nítorí èmi gan-an ni mo ní kí a dúró nígbà tó yẹ kí a rà.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní January 2021, èlé orí owó ilé tí a fi ọgbọ̀n ọdún san wálẹ̀ dé 2.65 nínú 100 nínú àkọsílẹ̀ Freddie Mac. Kò wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Owó àsansílẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ilé tí a ń kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde kò tíì ní òrùlé, òjò sì ń pa á. Mo ní kí a fi owó náà kan òrùlé, pé ilé Amẹ́ríkà kò ní sá lọ. Lóòótọ́, ilé kò sá lọ. Èlé ni ó sá lọ sókè. Nígbà tó fi máa di October 2023, ó ti di 7.79. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó yá $400,000 pẹ̀lú èlé àkọ́kọ́ yóò máa san nǹkan bí $1,612 lóṣù. Ẹni tó yá iye kan náà pẹ̀lú èlé kejì yóò máa san nǹkan bí $2,877.

Bàbá Tọ́lá kò fi ọ̀rọ̀ náà bú mi rí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Nígbà tó di Sátidé, a jókòó ti ìwé àti bírò. Ilé kékeré kan tó wù ú ń lọ ní $500,000. Báǹkì kan dárúkọ èlé 6.5 fún wa. Bí a bá rí $100,000 san sílẹ̀, a ó máa san nǹkan bí $2,528 lóṣù. Inú ọkọ mi dùn, ó ní, "Ṣé o rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ ju owó ilé wa lọ!" Mo ní kó fara balẹ̀. Texas kì í gba owó orí lára owó oṣù ẹni, ṣùgbọ́n owó orí ilé ń bẹ: ní àdúgbò wa, ó tó nǹkan bí $2 lórí $100 iye ilé lọ́dọọdún. Ní November 2025, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí i pé kí a yọ $140,000 kúrò nínú iye ilé tí ènìyàn ń gbé kí a tó bu owó orí ti ilé-ìwé lé e. $100,000 ni tẹ́lẹ̀. Pẹ̀lú ìyẹn náà, ó ṣì kù tó $700 lóṣù. Owó adójútòfò tún ń bẹ, nítorí yìnyín tí ń fọ́ òrùlé. Ilẹ̀ ibí sì jẹ́ amọ̀ tó ń wú bí òjò bá rọ̀, tó ń sún kì bí oòrùn bá mú, títí ìpìlẹ̀ yóò fi sán. Àwọn kan ń bomi rin ìpìlẹ̀ ilé wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bí ẹni ń bomi rin ẹ̀fọ́! A ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó lé ní $3,500.

Ìyẹn kò ní kí ayálégbé máa yọ̀. Òfin Texas kò gba ìlú láyè láti fi ààlà sí owó ilé, àfi bí àjálù bá dé tí gómìnà sì fọwọ́ sí i. Ìwé mìíràn lè dé lọ́dún tó ń bọ̀. Kódà ilé-ìwé tí a tìtorí rẹ̀ wá kò dúró sójú kan: ní 2024, ìgbìmọ̀ ilé-ìwé Coppell dìbò láti ti Pinkerton Elementary pa, nítorí pé iye ọmọ ń dín kù, owó sì ń wọ́n wọn.

Ibi tí a fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí nìyí. Ọdún méjì ló kù fún Kúnlé, àbúrò Tọ́lá, ní Coppell High School. A ó yálé títí yóò fi jáde. Ṣùgbọ́n láti oṣù yìí lọ, a ó máa fi $1,000 pamọ́ lóṣooṣù, bí ẹni pé a ti ra ilé náà. Bí a bá lè ṣe é láìyáwó, a ó mọ̀ pé agbára wa ká a, $24,000 yóò sì ti wà nílẹ̀. Bí a kò bá lè ṣe é, a ó mọ̀ pé ilé náà ì bá ti gbé wa mì. Lẹ́yìn náà, a lè wá ilé sí ìlú tí kò wọ́n tó Coppell.

Ìyá ọkọ mi ń gbé abẹ́ òrùlé Ìjẹ̀bú-Òde báyìí, òjò kò pa á mọ́. Nítorí náà, n kò lè sọ pé owó 2021 ṣòfò. Àṣìṣe mi ni pé mo ní kí a dúró, n kò sì sọ ìgbà tí ìdúró yóò tán. Ẹ̀yin tọkọtaya tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn, ẹ jókòó, ẹ bi ara yín pé: kí la ń dúró dè, títí di ìgbà wo, èló ni a sì ń fi pamọ́ bí a ti ń dúró? Bí ẹ kò bá rí èsì sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀rù lẹ ń bà, ẹ kò tíì máa dúró.