Páìpù Kékeré Ló Ń Kọ́kọ́ Sán

Ìwé ìṣirò tí wọ́n fi gba páìpù náà wọlé kò ní àbùkù. Wọ́n ti wo ìwúwo rẹ̀, wọ́n ti wo bí ooru ṣe ń mú un gùn, gbogbo rẹ̀ ló wà lábẹ́ òdiwọ̀n tí ASME B31.3, òfin páìpù iléeṣẹ́, là sílẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀ka kékeré tó gbé géèjì sórí sán nídìí, gáàsì sì ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ibùdó gáàsì kan ní Niger Delta ni. Ọlọ́run ló yọ wá tí iná kò fi sọ.

Wọ́n pa ẹ̀rọ, wẹ́dà jó o padà, wọ́n tan ẹ̀rọ. Kò pẹ́ tó tún fi sán lójú kan náà.

Iye ìgbà ni ọ̀rọ̀ náà là mí lójú sí. Òfin B31.3 gbà kí páìpù gbóná kó sì tutù ní nǹkan bí ìgbà 7,000 kí a tó máa dín ohun tí a gbà á láyè láti gbé kù. Ẹ̀rọ tí a ń tàn láàárọ̀, tí a ń pa lálẹ́, yóò lò ju ọdún 19 lọ kó tó dé ibẹ̀. Àmọ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ wa ń yí ní ìgbà 750 láàárín ìṣẹ́jú kan, písítìn rẹ̀ sì ń ti gáàsì ní àlọ àti ní àbọ̀. Ìgbà 25 nìyẹn tó ń gbá páìpù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ìgbà 7,000 ti pé kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi máa mọ́, ó ti lé ní mílíọ̀nù méjì. Ìwé tí a gbé kalẹ̀ kò parọ́. Ìbéèrè iye ìgbà tí páìpù máa gbọ̀n gan-an ni ẹnikẹ́ni kò bi í.

Ọ̀gá kan ní kí a lo irin tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn kò lè ràn wá lọ́wọ́. Ojú ibi tí wẹ́dà jó ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀, ojú jíjó kò sì mọ irin olówó ńlá yàtọ̀ sí irin lásán. Kí bí ẹ̀ka náà ṣe ń tẹ̀ síwá tẹ̀ sẹ́yìn dínkù ni ojútùú rẹ̀: bí a bá dín in kù sí ìdajì, ọjọ́ ayé ojú jíjó náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́jọ.

Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo gbé ọwọ́ lé páìpù ńlá, díẹ̀ ló ń gbọ̀n. Mo gbé e lé fáàfù orí ẹ̀ka, ó gbọ̀n mí dé ìgúnpá. Ẹ̀ka náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, ẹrù sì wà lórí rẹ̀. Nígbà tí a pa ẹ̀rọ, tí a fi òòlù rọ́bà lu ẹ̀ka náà, ẹ̀rọ ìwọ̀n fi hàn pé iye ìgbà tí ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀ ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kò jìnnà sí 25 yẹn; ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fi ń mú un gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá wẹ́dà ti gbé irin tí yóò fi so ẹ̀ka náà mọ́ òpó ilẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, páìpù ńlá ni kí ẹ so ó mọ́.”

“Ẹnjiníà, ohun tó ń gbọ̀n náà lẹ tún ní kí n so ó mọ́?”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Òpó dúró sójú kan, páìpù ń rìn bó ti ń gbóná. Ẹ̀ka tí a bá dè mọ́ òpó ni wọ́n jọ máa fà ya. Tí a bá so ó mọ́ páìpù tó bí i, wọn á jọ máa lọ, wọn á jọ máa bọ̀. A fi irin dì í mú ní ìhà méjì, a gé e kúrú, a yọ fáàfù kan tí kò wúlò. Kò sán mọ́.

Ìwé ìtọ́nà tí Energy Institute ti Bírítéènì tẹ̀ jáde ní 2008 sọ pé, ní apá ti Bírítéènì nínú Òkun Àríwá, gbígbọ̀n àti àárẹ̀ irin ló ń fa ohun tó lé ní 20 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo epo àti gáàsì tó ń tú jáde. Ẹ̀rù ń bà mí tí mo bá rántí iye ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ tiwa.

Títí di òní ni mo ń bá àwọn tó ń ya àwòrán páìpù fà á. Ẹ̀ka tí kò tó íǹṣì méjì, wọn kì í sábà fi í sínú ìṣirò. Wọ́n á ní kí àwọn tó wà níbi iṣẹ́ gbé e síbi tó bá rọrùn. Mo ń fẹ́ gígùn rẹ̀, ìwúwo fáàfù orí rẹ̀ àti irin tí yóò dì í mú lórí àwòrán náà. Bí wọn kò bá kọ ọ́ síbẹ̀, n kì í buwọ́ lù ú.