Orín Àtà Kì Í Ṣe Àgbo Ìkókó

Ẹ̀yin ìyá, ta ni nínú wa tó dé ọjà Ìkàrẹ́ tí kò rí ìdì orín? Àtà jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Gbòǹgbò igi ẹlẹ́gùn-ún ni. Bí a bá fi fọ ẹnu, a máa ta ni láhọ́n. Àwọn ìyá wa ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́.

Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ náà jẹ́rìí sí i. Ní 1979, Odebiyi àti Sofowora ti Yunifásítì Ifẹ̀, tó di Obafemi Awolowo University ní 1987, tẹ ìwádìí wọn lórí àtà jáde. Wọ́n yọ èròjà mẹ́ta tó ń pa kòkòrò àrùn nínú gbòǹgbò náà: berberine, chelerythrine àti canthin-6-one.

Ṣùgbọ́n ohun tó tọ́ sí ẹnu àgbà lè má tọ́ sí ikùn ìkókó. Nígbà tí àbúrò mi bímọ ní Ọ̀kà, ojú ọmọ náà pọ́n rúsúrúsú ní ọjọ́ kẹta. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti ra àtà láti sè é lágbo.

“Ọmọ mi,” ni wọ́n wí fún mi, “ṣebí ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé náà ní ó ń pa kòkòrò?”

Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Òótọ́ ni, Màmá. Ṣùgbọ́n ojú tó pọ́n yìí kì í ṣe iṣẹ́ kòkòrò nìkan.”

Àwọ̀ kan ló ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun, tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì lágbára láti kó dànù. Berberine lè já àwọ̀ náà gbà lọ́wọ́ ohun tó ń gbé e kiri nínú ẹ̀jẹ̀, kí ó sì ráyè wọ ọpọlọ, kí ó bà á jẹ́. Nítorí ewu yìí ni ìjọba Singapore fi fòfin de berberine ní 1978. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó mú òfin náà kúrò.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Màmá gbọ́ àlàyé, wọ́n gbé àgbo sílẹ̀, àwọn fúnra wọn ni wọ́n pọn ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná ìtọ́jú, ara rẹ̀ sì yá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ máa fi àtà fọ ẹnu yín láìtijú. Ṣùgbọ́n bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n, tàbí tí kò fa ọmú mọ́, ẹ má dúró se nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.