Ta Ló Ni Iyanrìn Etíkun?

Fídíò kan ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá. Bàálù kékeré kan ń bà sórí iyanrìn ní erékùṣù Barra, ní Scotland, omi sì ń ta lábẹ́ táyà rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ṣé o rí i? Bí ẹ́ńjìnnì bá kú mọ́ mi lọ́wọ́ lókè, etíkun ni n ó forí lé. Ilẹ̀ tẹ́jú, kò sílé, kò sígi."

Mo kọ́kọ́ gbà fún un. Àmọ́ nígbà tí mo kà nípa Barra, mo rí i pé etíkun yẹn kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Láti ọdún 1936 ló ti jẹ́ pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n ri òpó igi mọ́lẹ̀ láti fi sàmì sí ojú ọ̀nà mẹ́ta. Bí òkun bá kún, omi á bò wọ́n, nítorí náà, ìgbà tí omi bá fà ni bàálù ń wá. Bí wọ́n bá sì ti ta aṣọ tí wọ́n fi ń mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí gbogbo ẹni tó wà lórí iyanrìn kúrò lọ́nà ni.

Etíkun Caparica ní ilẹ̀ Potogí kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ, ọdún 2017, bàálù Cessna 152 kan bà síbẹ̀ ní pàjáwìrì, láàárín àwọn tó wá gbafẹ́. Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú rẹ̀ jáde láìfarapa. Ọkùnrin ẹni ọdún 56 kan àti ọmọbìnrin ọlọ́dún 8 kan ló kú.

Ọlọ́dún 8 yẹn ni n kò lè gbàgbé. Bí àbúrò mi bá ti dé etíkun, yóò kọ̀yìn sí gbogbo wa, yóò máa gbẹ́ iyanrìn. Òótọ́ ni pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, àmọ́ bàálù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú kì í pariwo, ìró ìgbì á sì bo ìwọ̀nba tó kù. Kí ni ọmọdé fẹ́ fi ṣọ́ra?

Ọ̀rẹ́ mi ní òfin wà lẹ́yìn awakọ̀. Kò parọ́. Òfin Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, gba awakọ̀ tó bá kó sínú ewu òjijì láàyè láti yẹ òfin, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá ohun tí ewu náà béèrè. Òfin yẹn kan náà ló ka ìwà àìbìkítà tó lè fi ẹ̀mí ẹlòmíràn wewu léèwọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí: iyanrìn gbígbẹ tó rọ̀ lè gbé táyà iwájú mì, kí bàálù dojú dé. Etí omi ni iyanrìn ti le dáadáa, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn ènìyàn ń rìn. Bíbọ́ sínú omi náà kì í ṣeré, torí bàálù lè dojú dé níbẹ̀ pẹ̀lú.

Mo bi ọ̀rẹ́ mi pé, "Tó bá jẹ́ àbúrò mi ló wà níbẹ̀ ńkọ́?"

Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Màá bọ́ sómi."

Bóyá èmi náà á láyà bẹ́ẹ̀, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ilẹ̀ ni ó ti yẹ kí awakọ̀ ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí, kí ẹ́ńjìnnì tó kú.